Fíìmù Kérésìmesì Láàárín Òjò: Bí Mo Ṣe La Ikọ́ Ẹ̀gbẹ Já

Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ọ pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń bá ọ jà, fìdí mọ́lẹ̀ ná, kí o gbọ́ tèmi. Wọ́n ti sọ ọ́ fún èmi náà rí, ní ọsibítù kan ní Monrovia, mo sì rò pé ó ti parí fún mi nìyẹn. Kò parí. Mo wà láàyè, mo ń ṣiṣẹ́, mo ń jẹun, mo ń bá ọkọ mi ṣe awuyewuye bó ti yẹ kí ìyàwó ilé ṣe. Ohun tí ojú mi rí nígbà àìsàn náà ni mo fẹ́ sọ, kí ìwọ tó wà lójú ọ̀nà yẹn báyìí lè mọ ibi tí kòtò wà. Mo sì máa sọ̀rọ̀ nípa fíìmù. Má tíì rẹ́rìn-ín.

Ìyábọ̀ ni orúkọ mi. Ọmọ Ọ̀fà ni bàbá mi, ó ti ń ta aṣọ ní Monrovia tipẹ́ kí ogun tó dé. Ọmọ Kru, ẹ̀yà kan ní Liberia níbí, ni ìyá mi, New Kru Town ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló sì ń gbé títí di òní. Ilé bàbá mi ni mo ti gbọ́ Yorùbá, ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á. Télọ̀ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi wà lẹ́bàá ọ̀nà ní Old Road. Kúnlé ọkọ mi ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní Freeport, èbúté ọkọ̀ òkun ìlú wa. Ọmọ kan ṣoṣo la ní nígbà náà, Tèmítọ́pẹ́, tí gbogbo ilé ń pè ní Tèmi, kò sì tíì ju ẹni tó ń fi ìka ka ABD lọ.

Ogun ti parí, ìlú ń gbìyànjú láti dìde. Káréńtì ò tíì dé àdúgbò wa. Jẹnẹrétọ̀ kékeré la fi ń tan iná fún ìgbà díẹ̀ bí oòrùn bá ti ń wọ̀. Ikọ́ mi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, òjò Monrovia tí kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dá. Ikọ́ gbígbẹ lásán ni. Mo ní eruku aṣọ ni, ṣebí gbogbo télọ̀ ló ń wúkọ́. Mo ra oògùn lọ́wọ́ àwọn alápò dúdú, àwọn tó ń gbé oògùn kiri àdúgbò nínú báàgì, tí wọ́n á bi ọ́ léèrè ibi tó ń dùn ọ́, tí wọ́n á sì kó oríṣiríṣi àwọ̀ sí ọ lọ́wọ́. Mo lo èyí tó pupa, mo lo èyí tó láwọ̀ méjì. Àǹtí Bísí, àbúrò bàbá mi obìnrin, tó jẹ́ díkónẹ́ẹ̀sì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, gbé oyin àti orógbó wá. Mo jẹ orógbó títí omi pàápàá fi ń korò lẹ́nu mi. Ikọ́ ò lọ.

Lẹ́yìn náà ni òógùn bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá jí láàárọ̀, aṣọ tí mo fi sùn á ti tutù rinrin bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú omi. Oúnjẹ ò wù mí mọ́. Oníbàárà mi kan wá gba ìwọ̀n búláòsì, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Màdáámù, ẹ̀yin gan-an ló yẹ kí wọ́n wọ̀n.” Mo fi ẹ̀rín gbà á. Nígbà tó lọ tán, mo fa téèpù yí ara mi ká. Mi ò ní sọ iye tí mo bá. Mo jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mi ò rán nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ Ìsinmi ni ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ jáde. A ń kọ orin ìyìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń pàtẹ́wọ́, ikọ́ mú mi, mo fi áńkáṣíìfù bo ẹnu. Nígbà tí mo wò ó, ó pupa. Mo ká a mọ́wọ́ kíákíá, ṣùgbọ́n obìnrin tó jókòó tì mí ti rí i. Ó kàn sún, ó sì gbé báàgì rẹ̀ sáàárín àwa méjèèjì. Títí di òní, sísún yẹn ni mo ń rántí ju ẹ̀jẹ̀ náà lọ.

Ìta ṣọ́ọ̀ṣì ni ìjà ti ṣẹlẹ̀.

“Ọfà ni,” ni Àǹtí Bísí wí. “Wọ́n ta ọmọ yìí lọ́fà. Kí èèyàn máa wúkọ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa jáde, ọ̀rọ̀ ọsibítù kọ́ nìyẹn. Orí òkè àdúrà ló ń lọ.”

Kúnlé dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, bó ti máa ń ṣe bó bá fẹ́ bá àgbà jiyàn. “Àǹtí, ẹ bá wa gbàdúrà. Lọ́la àwa ń lọ sí ọsibítù. Ọlọ́run tó ń gbọ́ wa níbí ń gbọ́ wa níbẹ̀ náà.”

“Ṣé ìwọ lo ní i ni?”

“Ẹ̀yin lẹ ní i, mà. Èmi ni mo fẹ́ ẹ.”

Nígbà tí a dé ọsibítù láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìlà ti dé ẹnu géètì. Ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n, ọ̀dọ́kùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, àgbàlagbà tó dùbúlẹ̀ sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Òjò ń rọ̀, gbogbo wa fún ara wa pọ̀ sábẹ́ páànù. Mo fẹ́ padà sílé. Kúnlé fi agbòòrùn dí ọ̀nà fún mi, ó ní òun ti ní sùúrù fún àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ní Freeport fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìlà yìí ò tó nǹkan. Nígbà tó kàn mí, wọ́n fún mi ní ike kékeré kan tó ní ìdérí, wọ́n ní kí n lọ sí gbangba níta, kí n wúkọ́ láti ìsàlẹ̀ àyà, kí n tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú rẹ̀. Ojú tì mí. Bí wọ́n bá fún ìwọ náà, má jẹ́ kí ojú tì ọ́. Tu ú dáadáa. Ohun tó wà nínú ike yẹn ló máa sọ òtítọ́ fún wọn.

Sista Garmai ni nọ́ọ̀sì tó pè mí sẹ́yìn lẹ́yìn tí èsì jáde. Obìnrin kúkúrú ni, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Ó ní, “Ìyábọ̀, tí-bí ni. Wojú mi. Ẹni tó bá lo oògùn rẹ̀ tán, ó máa ń yè é. Ọ̀fẹ́ ni oògùn náà. Oṣù mẹ́fà, lójoojúmọ́, níwájú mi. Bí ara rẹ bá le, wá. Bí ara rẹ ò le, wá. Bí òjò bá gbé ilé lọ, wá.” Ó wá fọwọ́ kan èjìká mi, ó ní, “Never mind, ya.” Bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn kú ìrọ́jú nílùú wa nìyẹn.

Mo sunkún nínú táksì títí a fi délé. Nígbà ogun, nígbà tí a sá lọ sí ibùdó àwọn tí ogun lé nílé, ọkùnrin kan wà tí tápólì nìkan ló pín òun àti àwa níyà. Ó máa ń wúkọ́ ṣáá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a ò gbọ́ ikọ́ rẹ̀ mọ́. Òun ni mo ń rí lójú ọ̀nà. Mo gbàgbé pé kò sí oògùn fún ọkùnrin yẹn, pé kò sí Sista Garmai kankan níbẹ̀.

Wọ́n yẹ Kúnlé àti Tèmi wò, kò sí nǹkan lára wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n dá yàrá gbé fún ìgbà díẹ̀, kí n ṣí fèrèsé sílẹ̀, kí n máa fi aṣọ bo imú níbi tí èèyàn bá wà, títí oògùn fi máa ṣiṣẹ́ lára mi dáadáa. Ìyá mi wá láti New Kru Town, ó ní òun á mú Tèmi lọ sọ́dọ̀ òun títí n ó fi parí oògùn. Kí ọmọ náà má baà sá wá dì mọ́ mi, wọ́n kọ́ ọ kó lè há a sórí: “Má sún mọ́ Mọ́mì.” Ó ń na ọwọ́ sí mi láti ojú fèrèsé táksì. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo di ọwọ́ ara mi mú.

Yàrá ẹ̀yìn ni mo ń gbé. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, òrùlé ni mo ń wò. Oògùn ń yí mi nínú, ìtọ̀ mi pọ́n bí omi ọsàn. Èyí á ṣẹlẹ̀ sí ìwọ náà, má bẹ̀rù, oògùn ni. Kò sí oníbàárà tó ń bọ̀. Àwọn aládùúgbò ń kí mi láti òdìkejì ọ̀nà.

Àsìkò náà ni àgbá dé. Ẹni tó bá ní ẹbí l'Amẹ́ríkà mọ àgbá yìí, àgbá ike ńlá tí wọ́n ń di aṣọ àlòkù, ọṣẹ, òróró àti bàtà kún, tí wọ́n á fi ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun. Comfort, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ló fi ránṣẹ́. Kúnlé fúnra rẹ̀ ló gbà á jáde ní Freeport. Nísàlẹ̀ pátápátá, nínú ọ̀rá dúdú kan, àwo fídíò wà níbẹ̀ ní òkìtì. Comfort ti ń gbà wọ́n sílẹ̀ látorí tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ lọ́hùn-ún: àwọn fíìmù olólùfẹ́ tí wọ́n máa ń ṣe fún tẹlifíṣọ̀n bí Kérésìmesì bá ń bọ̀. Kúnlé gbé tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ tó ń lo àwo wá sínú yàrá mi, ó ní, “Ó sàn ju òrùlé lọ.”

Ìtàn kan náà ni gbogbo wọn, mi ò purọ́ fún ọ. Obìnrin kan á wà ní ìlú ńlá, bàtà gogoro lẹ́sẹ̀, fóònù létí. Wọ́n á ní kó lọ sí ìlú kékeré kan lọ ta ilé ìtura tí bàbá àgbà rẹ̀ fi sílẹ̀. Yìnyín á máa já bọ́ bí òwú inú ìrọ̀rí. Á pàdé ọkùnrin kan tó wọ súwẹ́tà pupa, ìyàwó rẹ̀ ti kú, igi Kérésìmesì ló ń tà. Wọ́n á kọ́kọ́ bára wọn jà. Ọmọdé kan á sọ ọ̀rọ̀ tí ọmọdé kan ò lè sọ láyé. Ní ìparí, wọ́n á fẹnu ko ara wọn lẹ́nu nínú òtútù, agogo ṣọ́ọ̀ṣì á sì dún. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, kéèkì ni ọkùnrin náà ń tà. Nínú ìkẹta, ẹṣin ló ń sìn.

Mo mọ̀ pé kò sí ọgbọ́n níbẹ̀. Ilé wọn mọ́ jù. Kò sẹ́ni tó ń làágùn, kò sẹ́ni tó ń wá epo jẹnẹrétọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wúkọ́ nínú fíìmù yẹn, wọ́n á fún un ní tíì gbígbóná, ó ti yè é nìyẹn. Síbẹ̀, mo fẹ́ràn wọn gan-an, mi ò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwa tí a ti rí ogun, tí àìsàn tún wá bá, kò sí ohun tí a mọ ìparí rẹ̀. Láàárọ̀, mi ò mọ̀ bóyá n ó rí alẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin súwẹ́tà pupa bá ti yọ, mo mọ̀ dájú pé yóò fẹ́ obìnrin yẹn. Ayé ì báà yí, yóò fẹ́ ẹ. Àyà mi á rọ̀. N ó jẹun sí i.

Kúnlé ò lè wọlé bá mi jókòó, nítorí náà ó gbé àga sí pìásà, lẹ́yìn fèrèsé mi, lábẹ́ páànù tí òjò ń lù. Ó ní òun kàn wá ṣọ́ jẹnẹrétọ̀ ni.

“Ìyábọ̀, kí ló dé tí ọkùnrin yìí ń rẹ́rìn-ín sí igi?”

“Igi kọ́. Obìnrin tó wà lẹ́yìn igi ni.”

“Kò lè fẹ́ ẹ. Obìnrin yẹn ní iṣẹ́ gidi nílùú rẹ̀. Kò sí obìnrin tó máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí oníigi.”

“Ṣáà máa wò ó.”

Nígbà tí ẹnu kan ẹnu, ọkọ mi fi àtẹ́lẹwọ́ lu ògiri. “Mo sọ! Ṣé mi ò sọ?” Ẹni tó ní kò lè fẹ́ ẹ ló ń wí bẹ́ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú mi, mo sì tún rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ikọ́. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò tún dárúkọ jẹnẹrétọ̀ mọ́. Òun ló máa ń béèrè èwo la máa wò.

Ní báyìí, jẹ́ kí n kìlọ̀ fún ọ nípa ẹbí. Wọn á fẹ́ràn rẹ, wọn á sì fẹ́ gba oògùn lọ́wọ́ rẹ. Ìyá mi kọ́kọ́ gbé ìgò àgbo epo igi wá. Mo gbé e lọ han Sista Garmai, ó ní kí n má da nǹkan kan pọ̀ mọ́ oògùn yìí. Ìyá mi kùn, ṣùgbọ́n ó gbé ìgò rẹ̀ lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọbẹ̀ ẹyìn elẹ́ja wá dípò rẹ̀. Ti Àǹtí Bísí ló le. Ó wọlé lọ́jọ́ kan, ó fi gèlè bo imú, ó ní wọ́n ti pèsè àyè fún mi lórí òkè. Ààwẹ̀ gbígbẹ, kò sí oúnjẹ, kò sí omi, kò sí oògùn.

“Ìgbàgbọ́ tó bá ń gbé oògùn mì, ìgbàgbọ́ wo nìyẹn?” Ojú rẹ̀ wá lọ sórí tẹlifíṣọ̀n, níbi tí wọ́n ti ń jó nínú yìnyín. “Jésù! Ohun tí o ń wò nìyí? Ikú ń kan ilẹ̀kùn rẹ, o ń wo àwọn tó ń fẹnu lá ara wọn? Ibí yìí gan-an ni ẹ̀mí náà gbà wọlé. Kó gbogbo ẹ̀ fún mi, mò ń lọ sun ún.”

Ó nawọ́ sí ọ̀rá dúdú náà. Mo gbé ọwọ́ lé e.

“Àǹtí, ẹ má bínú. Ẹ fi sílẹ̀.”

“Ìwọ lò ń bá mi sọ̀rọ̀ báyẹn?”

“Èmi ni, mà. Mi ò ní lọ sórí òkè. Mi ò ní fi oògùn sílẹ̀. Ẹ gbàdúrà fún mi, n ó ṣe àmín. Ṣùgbọ́n oògùn mi àti fíìmù mi ń bẹ níbí.”

Mi ò tíì dá àgbà lóhùn bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ó bá ìbínú lọ, ó sì padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì pẹ̀lú Pásítọ̀.

Pásítọ̀ jókòó sórí àga kejì ní pìásà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kúnlé. Fíìmù kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Mo fẹ́ pa á, Pásítọ̀ ní kí n fi sílẹ̀ ná, kí òun simi díẹ̀. Ó wò ó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó yíjú sí ọkọ mi.

“Bùrọ́dà Kúnlé, kí ló ń pa obìnrin yẹn lẹ́kún?”

“Ó rò pé ọkùnrin náà ti ní ẹlòmíràn, sà. Bẹ́ẹ̀ àbúrò rẹ̀ lobìnrin tó rí pẹ̀lú rẹ̀.”

“Háà. Ẹnì kan ò lè sọ fún un ni?”

“Ọmọdé yẹn máa sọ fún un, sà.”

Àǹtí Bísí dúró lẹ́yìn wọn, Bíbélì lábíyá, ojú rẹ̀ le bí òkúta. Ọmọdé náà sọ fún un. Agogo dún. Pásítọ̀ ṣíwọ́ wíwò, ó ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀.” Ó wá dìde, ó gbàdúrà láti ojú fèrèsé, ó dárúkọ oògùn mi nínú àdúrà náà, ó dárúkọ àwọn nọ́ọ̀sì. Nígbà tó ṣe tán, ó kọjú sí àǹtí mi. “Díkónẹ́ẹ̀sì, ààwẹ̀ yẹn dára. Àwa tí ara wa le ló yẹ ká gbà á. Kí aláìsàn jẹun.”

Àǹtí mi gbà á lóòótọ́. Ìwọ̀n ìgbà tó fi gba ààwẹ̀ fún mi, òun náà ló ń se ìrẹsì àti ọbẹ̀ ewé ẹ̀gẹ́, á gbé e wá fún mi pẹ̀lú ẹnu gbígbẹ, á dúró ti fèrèsé títí n ó fi jẹ ẹ́ tán. Kò sọ̀rọ̀ nípa fíìmù mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ràn rẹ báyìí, dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ, kí o sì jẹ oúnjẹ wọn.

Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ gbé oògùn mì lójú Sista Garmai. Bẹ́ǹṣì kan wà níta lábẹ́ igi máńgòrò, ibẹ̀ ni àwa oníkọ́ máa ń jókòó, aṣọ lẹ́nu kálukú, kò sẹ́ni tó ń wo ẹnìkejì. Flomo ló kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀. Awakọ̀ tirélà ni, Freeport ló ti ń kó ẹrù lọ sí ìgbèríko, ọkùnrin gíga tí àìsàn ti mú kó rù. Ó ní, “Sista, kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?” Mo ń rántí fíìmù àná ni. Mo sọ ọ́ fún un. Mo fi gẹ̀ẹ́sì Liberia sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ìtàn aládùúgbò: bí obìnrin kan ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin, bí yìnyín ṣe dí ọ̀nà, bí ọkùnrin tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ṣe jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tó ní búláńkẹ́ẹ̀tì. Mo gbójú sókè, gbogbo bẹ́ǹṣì ló ti kọjú sí mi.

“Kí ló dé tí ò fẹ́ olówó tó wà nílùú?” ni obìnrin kan bi mí.

“Olówó yẹn kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀,” ni Flomo dá a lóhùn, bí ẹni pé àbúrò rẹ̀ ni obìnrin náà.

Sista Garmai pe orúkọ mi kí n tó parí. Mo ní ó di ọ̀la. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wọn ti dé ṣáájú mi. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn títí. Mo máa ń dáwọ́ dúró níbi tó bá dùn jù. Sista Garmai ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n bí ìtàn bá dé góńgó, kì í tètè pe orúkọ.

Mi ò ní tàn ọ́, bẹ́ǹṣì náà dín. Bàbá àgbà kan tó máa ń jókòó sípẹ̀kun kú nígbà tí òjò le jù. Ó ti pẹ́ nílé jù kí wọ́n tó gbé e wá. A fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, kò sí ẹni tó sọ pé ká ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í le ni ewu ńlá wà. Ebi dé, ikọ́ lọ, ẹsẹ̀ gbà. Èèyàn á máa rò pé ó ti tán. Flomo rò bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ kan, nígbà tí mo ṣì wà láàárín ìtàn mìíràn tí yìnyín ti há ọkọ̀ ojú irin mọ́, kò wá. Ọjọ́ kejì, kò wá. Sista Garmai rán ẹnì kan sí àdírẹ́sì ilé tó kọ sínú ìwé wọn, wọ́n ní ó ti kó kúrò. Mo sọ fún Kúnlé. Ó béèrè láàárín àwọn awakọ̀ ní Freeport títí ó fi gbọ́: Flomo ti lọ sí ìgbèríko, ó ti dé, ó wà ní New Kru Town, ó tún ti ń wúkọ́.

Èmi àti Kúnlé lọ. Ìyàwó rẹ̀ jókòó síta, ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní ó wà nínú ilé, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn.

“Flomo, èmi Ìyábọ̀ ni.”

“Ara mi ti le, sista. Ikọ́ kékeré ni.” Ohùn rẹ̀ ti há.

Mo ti to ọ̀rọ̀ ìyànjú sílẹ̀ láti ilé. Gbogbo rẹ̀ sá kúrò lórí mi. Ohun tó jáde ni pé, “O mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin yẹn ti kúrò nínú yìnyín?”

Kúnlé wò mí.

“Ta ló wá fẹ́?” ni ó béèrè láti inú òkùnkùn.

“Orí bẹ́ǹṣì lo ti máa gbọ́ ọ.”

“Ìyábọ̀, I beg you, ya.”

“Láàárọ̀ ọ̀la, Flomo. Bí o ò bá wá, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo bẹ́ǹṣì ló ń dúró dè ọ́.”

Ó wá. Ìyàwó rẹ̀ ló dì í mú lápá. Kì í ṣe fíìmù ló gbé e wá, mi ò gbéra ga tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ti ń bà á, ìyàwó rẹ̀ ti ń sunkún. Ìtàn yẹn kàn fún un ní ohun tó lè sọ pé òun tìtorí rẹ̀ wá, kí ojú má baà tì í níwájú Sista Garmai. Wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìtọ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ kún un, abẹ́rẹ́ tó ń dun ni gan-an. Ó fara dà á. Mo sọ ìparí ìtàn fún un lọ́jọ́ yẹn kí abẹ́rẹ́ tó kàn án. Ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọyẹ́ ti ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí oṣù mẹ́fà mi pé. Àwọn ọmọdé ti ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń pariwo “My Christmas on you!” sí àgbà kí wọ́n lè rí ẹ̀bùn gbà. Sista Garmai wo èsì tó kẹ́yìn, ó ní, “Kò sí mọ́.” Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo dì mọ́ ọn, ó jẹ́ kí n dì mọ́ òun.

Ìyá mi mú Tèmi wálé lọ́jọ́ kejì. Ọmọ náà ti ga. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, kò wọlé.

“Tèmi, wá.”

Ó mi orí. “Wọ́n ní kí n má sún mọ́ Mọ́mì.”

Ìyá mi fẹ́ tì í wọlé, mo ní kó fi í sílẹ̀. Mo jókòó sórí ẹní, mo ti àwo kan bọ inú ẹ̀rọ, fíìmù ẹlẹ́ṣin. Mi ò wo ẹ̀yìn. Nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í já, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ilẹ̀. Ó bi mí bóyá iyọ̀ ni. Mo ní òtútù ni. Ó ní ẹṣin náà ò wọ bàtà. Nígbà tó yá, ó ti wà létí ẹní. Nígbà tó tún yá, orí rẹ̀ wà lórí itan mi, ó wúwo, ó gbóná. Mi ò rí ìparí fíìmù yẹn, ojú mi ti kún.

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí. Tèmi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ga jù mí lọ. A ti bí ọmọkùnrin kan tẹ̀ lé e, Sámúẹ́lì. Mo ti sanra, ìtẹ̀sẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ mi kì í sinmi bí Kérésìmesì bá ń bọ̀. Flomo ti padà sídìí tirélà. Kò sí ọdún tí mi ò wo àwọn fíìmù yẹn, Kúnlé ṣì ń bá wọn jiyàn. Àìsàn náà fi àmì sílẹ̀: ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mi máa ń fún díẹ̀ bí mo bá sáré, bí ikọ́ bá sì mú mi ju bó ti yẹ lọ, mo máa ń lọ kí wọ́n yẹ̀ mí wò. Mi ò fi ṣeré.

Ìwọ tó ń ka èyí, tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ sínú ike náà. Gbé oògùn mì títí dé ọjọ́ tó kẹ́yìn, ní pàtàkì nígbà tí ara rẹ bá ń sọ fún ọ pé ó ti tó. Wá ohun tó ń mú ọ rẹ́rìn-ín, ì báà jẹ́ ohun tí àwọn ọlọ́gbọ́n ń yọ ṣùtì sí, kí o sì dì í mú. Wọ́n á sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Jẹ́ kí wọ́n sún. Àwọn tó máa gbé àga wá sí ojú fèrèsé ń bọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pọn Sámúẹ́lì, mo gun òkè ńlá tó wà láàárín ìlú lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan. Mo dúró lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀nà, mo mí, mo tún ọmọ pọ̀n, mo gùn ún dé òkè.